Ooru inú ilé l'Àkúrẹ́ àti Oǹdó: Ta ló dí ọ̀nà afẹ́fẹ́?

Ọ̀rẹ́ mi kan kó lọ sí ilé tuntun l'Àkúrẹ́ níparí ọdún tó kọjá. Self-contain tó mọ́ tónítóní ni: táìsì ń dán, POP wà lókè, wíńdò aláwọ̀ búlúù wà níwájú. Nígbà tí oṣù kẹta máa fi dé, orí ẹní níta ló ń sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo lọ kí i, iná ò sí, a wá gbé àga síta. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ewé mángòrò ilé kejì ń mì. Mo wọ yàrá lọ bu omi mu, àfi bí ẹni tó kó sínú ìkòkò tó wà lórí iná. Mo bi í pé, "Afẹ́fẹ́ wà níta báyìí, kí ló dé tí kò wọlé?" Ó ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn o."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí òótọ́ ni. Bí ooru bá mú wa, oòrùn la máa ń bú, a ó bú BEDC, a ó wá ní ayé ti bàjẹ́. A kì í bú ẹni tó ya àwòrán ilé. Bẹ́ẹ̀, iye afẹ́fẹ́ tó máa wọ yàrá kan ṣeé ṣírò kí bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Ìṣirò tí onílé ò bá ṣe lórí bébà, ayálégbé ló máa fi owó ara rẹ̀ ṣe é lálaalẹ́.

Iye tí ooru ń gbà lọ́wọ́ wa

Ooru yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ooru kan mú káàkiri gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ World Weather Attribution yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní àyípadà ojú-ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn fà ti jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 10 ju ti àtijọ́ lọ. Ní ti Àkúrẹ́ gan-an, àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ní FUTA ti wọn ìgbóná ìlú náà, wọ́n sì rí i pé àárín ìgboro gbóná ju ẹ̀yìn ìlú lọ, pàápàá lálẹ́. Búlọ́ọ̀kù, kọnkéré àti ọ̀dà títì máa ń gba oòrùn mọ́ra lọ́sàn-án, wọ́n á wá máa tú u sílẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ sùn.

Oṣù méjì lẹ́yìn ooru yẹn, ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí náírà 225 fún unit kan, kí wọ́n tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi náírà 200 ṣe ìṣirò. Ẹ́síì kékeré kan lè jẹ tó unit 6 láàárín wákàtí mẹ́jọ. Náírà 1,200 nìyẹn lóru kan, náírà 36,000 lóṣù. Ẹni tí iná ò sì fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló kù, a ò sì tíì gbàgbé ohun tí owó epo dà látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ lọ́dún 2023. Ọ̀dọ́ mélòó ló lè san èyí lórí owó ilé?

Agolo mílíìkì ni yàrá

Gbogbo wa la ti lu agolo mílíìkì rí. Bí ẹ bá lu ihò kan ṣoṣo, mílíìkì náà á máa ro tó, tó, tó. Ẹ lu ihò kejì ní òdì kejì, ó ṣàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yàrá ṣe rí. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti kọlu ilé, ó máa ń tì í. Ní ẹ̀yìn ilé, ó máa ń fà á. Bí ojú ihò bá wà níwájú tó sì tún wà lẹ́yìn, ìtì àti ìfà yẹn á gbé afẹ́fẹ́ gba inú yàrá kọjá. Bó bá jẹ́ ojú kan ló wà, afẹ́fẹ́ á kàn lu ojú wíńdò, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ mú yàrá tó jẹ́ mítà 3.6 ní gígùn àti ní ìbú, tó ga tó mítà 3. Ẹ ní kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ ní mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn bí ẹni tó ń rọra nasẹ̀. Bí wíńdò ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin bá wà lára ògiri méjì tó dojú kọra, tí wọ́n sì ṣí tán, ìlànà ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà ń lò fi hàn pé gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá náà lè pààrọ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ẹ wá fi wíńdò kan ṣoṣo síbẹ̀, irú èyí tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìdajì rẹ̀ nìkan máa ń ṣí. Afẹ́fẹ́ ìta kan náà, yàrá kan náà, ó di ìṣẹ́jú 36. A ò tíì ka nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn o, òun náà á tún bu tirẹ̀ kúrò.

Ẹ wá wo àwọn self-contain tí wọ́n ń kọ́ kiri fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́, yálà lágbègbè FUTA ni o, tàbí ní Oǹdó níbi tí ọmọ UNIMED àti ti Adéyẹmí ti ń wá ilé. Yàrá sábà máa ń ní ògiri méjì péré tó kan ìta. Ọ̀kan á gba wíńdò. Ilé ìwẹ̀ àti kíṣìnnì kóńkóló á gba èkejì. Ilé ìyàgbẹ́ ní afẹ́fẹ́, ẹni tó ń sanwó ò ní. Wọ́n á wá mọ fẹ́ǹsì gíga yí i ká, ilé kejì á sì sún mọ́ ọn débi pé ẹ lè fi ọwọ́ gba iyọ̀ láti ojú wíńdò.

Àwọn tó ṣáájú wa ò fi kọ̀ǹpútà ṣe é

Ẹ wọ ààfin Déjì àtijọ́ l'Àkúrẹ́ wò. Àgbàlá tó wà níbẹ̀ lé ní 15, uà ni wọ́n ń pè é ní èdè Àkúrẹ́. Uà Ubura wà fún ìbúra, Uà Ìkómọ wà fún ìkómọjáde. Yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín wọn, ògiri amọ̀ nípọn tó fi jẹ́ pé oòrùn á ti lọ kí ooru tó rí i gbà kọjá. Mi ò ní parọ́ fún yín: yàrá inú àwọn ilé àtijọ́ ṣókùnkùn, fèrèsé ò sì pọ̀ lára ògiri ìta. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé inú yàrá lọ́sàn-án? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé gan-an, afẹ́fẹ́ sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà tí owó kòkó wá dé, tí wọ́n ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì káàkiri Oǹdó, sílìn ga, fèrèsé onípákó ṣí gbayawu, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wà níwájú. Ooru máa ń gòkè, ó sì ráyè gòkè.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà nínú ìtàn yìí tí a ò kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ. Adédòkun Adéyẹmí ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ní Manchester, ó sì rí i pé ilé ìlú òtútù ni wọ́n ń kọ́ òun láti kọ́ fún ìlú ooru. Ó sọ ọ́ síta. Ìpàdé ńlá kan wáyé lórí ọ̀rọ̀ náà ní University College London lọ́dún 1953, nígbà tó sì di 1954, ilé-ẹ̀kọ́ Architectural Association ní Lọ́ńdọ́nù dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ilé kíkọ́ nílẹ̀ olóoru. Lásìkò yẹn kan náà, Maxwell Fry àti Jane Drew ń kọ́ ilé yunifásítì Ìbàdàn: ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ògiri oníhò tó ń ṣíji bo yàrá. Ó lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹjọ́ tí Adéyẹmí pè, àwa náà la tún ń jẹ̀bi rẹ̀.

Wọ́n á ní ẹ̀fọn àti olè ń kọ́?

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ṣí wíńdò sílẹ̀ fún adigunjalè. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ilé kejì náà lè pa èèyàn sójú oorun. Ṣùgbọ́n olè ò lè gba ihò búlọ́ọ̀kù tó wà lókè ilẹ̀kùn wọlé. Wíńdò tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ṣeé fi irin sí nínú, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ṣí. Nẹ́ẹ̀tì dáa, kí wíńdò kàn fẹ̀ sí i láti fi dí ohun tó bù kúrò.

Àwọn ọjọ́ kan sì wà tí afẹ́fẹ́ ò ní mi rárá, tí ìta gan-an ń jó. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wíńdò ò lè ṣe iṣẹ́ ẹ́síì. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má lo fáànù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ òru ló wà tí ìta tutù ju inú ilé lọ, tí a sì ń fi owó ra ohun tó ń fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lójúde.

Ó yá, kí la máa ṣe?

Ìmọ̀ ò jìnnà. FUTA wà l'Àkúrẹ́ níbí, ó ní ẹ̀ka ayàwòrán-ilé, ó ní ti ojú-ọjọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Ola Ogunsote àti Bogda Prucnal-Ogunsote ti ibẹ̀ ti kọ̀wé lórí bí ilé ṣe yẹ kó bá ojú-ọjọ́ agbègbè kọ̀ọ̀kan mu ní Nàìjíríà. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CFD lè fi bí afẹ́fẹ́ ṣe máa yí ilé po hàn kí ilé tó wà, OpenFOAM sì jẹ́ ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣáá ni kí wọ́n ṣọ́: afẹ́fẹ́ tí wọ́n wọ̀n ní pápá gbalasa kọ́ ló ń dé àárín ilé Òkè-Àró. Ẹni tó bá ṣírò láì ka fẹ́ǹsì àti ilé aládùúgbò mọ́ ọn, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Onílé tí kò tiẹ̀ ní kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ níbi yìí: níhìn-ín, afẹ́fẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá, ọyẹ́ ń ti àríwá-ìlà-oòrùn. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń se ògiri jù. Kí ilé kọ ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ sí àríwá àti gúúsù, kí wíńdò wà lójú méjèèjì. Kò fi búlọ́ọ̀kù kún búlọ́ọ̀kù.

Ìjọba ńkọ́? Nàìjíríà ti ní ìwé òfin ilé kíkọ́ láti 2006, ó ní ti ìṣọ́ iná lò nínú ilé láti 2017. Ìwé tó wà l'Abuja ò lè ṣí wíńdò l'Oǹdó. Ọ́fíìsì tó ń buwọ́ lu pláànù nípìnlẹ̀ wa ló lè bi ìbéèrè kan ṣoṣo: afẹ́fẹ́ á gba ibo wọlé, á sì gba ibo jáde? Pláànù tí kò bá ní ìdáhùn, kí wọ́n dá a padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wálé báyìí, ẹ má jẹ́ kí táìsì pa yín lójú. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn, torí ẹ máa tì í bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Ẹ ṣí wíńdò, kí ẹ fi ègé tíṣù kan kọ́ síbẹ̀. Bí ewé bá ń mì níta tí tíṣù ò mira, ẹ bi onílé pé ṣé ó lè lu ihò sókè ilẹ̀kùn kí ẹ tó sanwó. Bó bá kọ̀, ẹ yọ owó ooru kúrò nínú iye tí ẹ máa ná an.

Ọ̀rẹ́ mi ti bá onílé tirẹ̀ sọ ọ́. Ihò búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ni wọ́n lù sókè ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ọ̀sán kan. Kò tíì tutù bíi ti ìta, ṣùgbọ́n ó ti ká ẹní rẹ̀ wọlé.