ÌBỌN NÍ APÁTÍ, KÒ NÍ APÁTÍ

Àwọn baba wa ní òwe kan tí ó yẹ kí a kọ sí ara ògiri gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà: “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?” Apátí ni irin tí ń mú kí ìbọn ró, ìbọn tí kò bá ní in kò sàn ju ọ̀pá lásán lọ. Síbẹ̀ àwọn àgbà wí pé ọlọ́gbọ́n kì yóò dúró níwájú irú ìbọn bẹ́ẹ̀. A máa ń pa òwe yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìhàlẹ̀ àti ìjà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ìbọn fúnra rẹ̀, a kì í rántí rẹ̀ mọ́. Èrò mi ni pé ohun tí òwe náà wí jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ kí olùkọ́ máa kọ́ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ wọn ní ìmọ́tótó àti ìṣirò.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìbọn jẹ́ àjèjì sí wa. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà àti ní àwọn aba tí ó yí wọn ká, àwọn ọdẹ a máa fi í ṣọ́ ìlú, àgbẹ̀ a máa fi í lé ẹranko kúrò nínú oko. A máa ń yìn ín nígbà ọdún Ògún, a sì máa ń yìn ín nígbà tí a bá ń ṣe ìpà ọdẹ tí ó kú. Ọ̀pọ̀ ọmọ aba ni ó ti rí ìbọn tí a fi ti igun ilé kí ó tó rí ìwé a-b-d. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìbọn kò kan ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú ìbọn tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí àwọn ológun kò sì tú ká ní bùdó títí di 1893, kò jìnnà sí wa rárá. Láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni a ti jà á, àwọn Ìgbómìnà sì wà lẹ́yìn Èkìtìparapọ̀. Ìró ìbọn ni a fi sọ ogun náà ní orúkọ. Kí ogun náà tó parí, ní ọdún 1890, àwọn ìjọba Òyìnbó péjọ ní Brussels, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé a kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìgbàlódé fún àwọn ènìyàn ní apá tí ó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn àtijọ́ tí ń fi òkúta ṣáná ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa pẹ̀lú kọ́ bí a ti ń rọ ọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ṣakabùlà fi wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa títí di òní.

Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi èèpo tàbí àkísà dì í, a ó da ọta lé e, a ó sì fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá wò ó láti ìdí kò lè mọ̀ bóyá ó kún tàbí ó ṣófo. Ọdẹ lè kì í ní alẹ́ àná kí ó má rí ẹran pa. Yíyọ ẹ̀tù kúrò jẹ́ wàhálà, ẹ̀tù pẹ̀lú kò sì pọ̀. Nítorí náà ó gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ọmọ gbé e, ó dojú rẹ̀ kọ àbúrò rẹ̀, ó ní, “Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ilé ọ̀fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà láti mọ òtítọ́ kò sì le: kí àgbàlagbà tí ó mọ̀ ọ́n lò kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó ti ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, kí ó sì fi ọ̀pá kan náà wọn ìbọn lóde. Bí ọ̀pá kò bá wọlé tó bí ó ti gùn lóde, nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀. Bákan náà, ìbọn tí a fà tí kò ró lè ró lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nítorí iná lè máa jó ẹ̀tù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá yọjú wo ẹnu rẹ̀ ń yọjú wo ikú. Ẹ̀tù àpọ̀jù pẹ̀lú a máa fọ́ irin ìbọn mọ́ ẹni tí ó yìn ín lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìmọ̀wé ni ó ń fa èyí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń múra láti ya sinimá. A gbé ìbọn fún òṣèré Alec Baldwin, a sì kéde pé kò léwu. Ìbọn náà ró. Ó pa Halyna Hutchins tí ń ṣe àkóso yíya àwòrán, ó sì ṣe olùdarí eré náà léṣe. Ọta gidi ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2024 ilé ẹjọ́ dá obìnrin tí a fi ìtọ́jú ìbọn sí níkàáwọ́ lẹ́bi, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 18. Ẹ wò ó, ní ilẹ̀ tí owó àti ìmọ̀ wà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó pa ènìyàn: “Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.”

Àìmọ̀kan kejì ni ti ayẹta. Ní ọdún 2001, ní àríwá ìlà-oòrùn Gánà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi oògùn para fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ní kí a yìnbọn lu òun láti dán an wò. Ojú ẹsẹ̀ ni ó kú. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ní ìpínlẹ̀ Imo ní orílẹ̀-èdè wa, oníṣègùn kan ni ó ní kí oníbàárà rẹ̀ yìnbọn lu òun, òun náà sì kú. Èmi kò wá láti bá oníṣègùn jiyàn. Mo kàn fẹ́ kí a kíyè sí i pé àwọn àgbà tí ó pa òwe wa gbé ayé ní ìgbà ogun, nígbà tí gbogbo jagunjagun ń wá ayẹta kiri, síbẹ̀ wọn kò wí pé, “Ta ni í jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun, àfi ẹni tí ó lo oògùn?” Wọn kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tán, a máa ń wí pé, “Iṣẹ́ Èṣù ni,” tàbí pé, “Ó ṣèèṣì ni.” Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wí pé ẹni tí ohun eléwu bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọdọ̀ ṣọ́ ọ kí ó má ba à pa ẹlòmíràn lára. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ṣakabùlà mọ́ àwọn ìbọn tí a gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ó sì kọ̀ láti fún ẹni márùn-ún ní ìwé náà: ẹni tí kò tí ì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú márààrún, kò sí èyí tí ó béèrè pé, “Ta ni ó kọ́ ọ bí a ti ń mú un lọ́wọ́?” Àlàfo yìí ni mo fẹ́ kí a dí.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá sọ̀rọ̀ ìbọn fún ọmọdé, a ó mú kí ó wù wọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn. A ń sọ fún ọmọ nípa ejò, nípa kànga àti nípa iná, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kó sínú kànga. Ohun tí a bò mọ́ ọmọ lójú ni ó ń yọ́ lọ wò. Ọmọ tí ó gba iṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ ọ̀gá a máa kọ́ bí a ti ń gbé ìbọn kí ó tó kọ́ bí a ti ń yìn ín. Ẹni tí ó ra ìbọn lónìí tí ó sì gbé e lọ sí oko lọ́la ni kò kọ́ ohunkóhun. Nítorí náà, kí àwa olùkọ́ bẹ olórí ọdẹ ìlú tí a bá wà kí ó wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, kí ó má sì mú ìbọn kankan lọ́wọ́ wá. Ohun mẹ́rin ni kí ó fi yé wọn: pé gbogbo ìbọn ni ó kún, pé a kì í kọ ẹnu rẹ̀ sí ènìyàn, ìbáà jẹ́ nínú eré, pé a kì í fọwọ́ kan apátí títí a ó fi fẹ́ yìn ín, àti pé ọdẹ tí kò tí ì rí ẹran kedere kò gbọdọ̀ yìnbọn lu koríko tí ń mì, nítorí àgbẹ̀ pẹ̀lú a máa mi koríko. Kí àwọn ọmọdé sì mọ̀ pé bí wọ́n bá rí ìbọn nílẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n lọ pe àgbà.

Ìtàn wí pé Odùduwà fi ogbó kan fún Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, àdá tí ó mọ ọ̀nà tí ó sì ń ṣáájú rẹ̀, àti pé láti inú “ogbó mọ̀nà” ni a ti rí orúkọ Ìgbómìnà. Ìbọn kò rí bí ogbó. Kò mọ ọ̀nà, kò sì mọ ọmọ yàtọ̀ sí ìgalà. Ẹni tí ó gbé e dání ni ó gbọdọ̀ mọ ọ̀nà fún un, ẹni tí kò bá sì kọ́ ọ kò lè mọ̀ ọ́n. Láìpẹ́ a ó pín wa káàkiri àwọn ìlú àti aba wọ̀nyí láti máa kọ́ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kọ òwe náà sí ojú pátákó, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an.