Bí A Bá Ṣe Pìtàn Ni A Ó Ṣe Pín Ẹ̀tọ́

Àsọyé àwọn òpìtàn lórí ìṣèlú Amẹ́ríkà lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé ibẹ̀ parí ní 1865, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú gba òmìnira. Nígbà tó di 1870, òfin fún àwọn ọkùnrin wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Amọ́ lẹ́yìn 1877, wọ́n fi ipá àti òfin àrékérekè gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ wọn ní gúúsù. Òpìtàn William Dunning àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia wá ń kọ́ni pé àṣìṣe ni ìbò tí wọ́n fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìtàn yìí ni àwọn afipágbẹ̀tọ́ fi dá ara wọn láre.

Ní 1909, òpìtàn aláwọ̀ dúdú W. E. B. Du Bois dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà, ó fi hàn pé ìjọba tí àwọn aláwọ̀ dúdú bá wọn dìbò yàn lẹ́yìn ogun náà ló mú ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé gúúsù. Àwọn kan á ní, ṣebí àwọn olóṣèlú ìjọba yẹn kówó ìlú jẹ? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú aláwọ̀ funfun náà kówó jẹ ní New York lásìkò kan náà, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ìyẹn gba ìbò lọ́wọ́ ìran wọn. Ó di 1965 kí òfin tó lágbára tó dáàbò bo ìbò aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, bí òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀, ẹ tẹ́tí, kí ẹ sì bèèrè ẹ̀rí: irọ́ tí a bá pè ní ìtàn lè gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí a kò tíì bí.