Fáàfù Tí A Tì Kì Í Ṣe Ògiri

Ẹni tí ó bá gba GRA ìlú Benin kọjá ní òwúrọ̀ yóò rí igi tí ó ṣíji bo títì, yóò rí ọ́fíìsì ìjọba àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ àgbà. Kò ní gbọ́ òórùn iléru kankan. Síbẹ̀, nígbà tí Benin jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Bendel, inú ìpínlẹ̀ náà ni a ṣí ilé iṣẹ́ irin ńlá Delta Steel sí ní 1982, ní Aladja lẹ́bàá Warri. Ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé ìrajà sábà máa ń jókòó ní ibi tútù bí GRA. Ẹni tí ń tú páìpù ni ó ń bá ooru jà. Ohun kékeré kan ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀: fáàfù.

Ètò Aladja ni pé kí a sọ gáàsì abẹ́ ilẹ̀ di àdàlù hydrogen àti carbon monoxide, kí a sì fẹ́ ẹ sínú iléru láti sọ òkúta di irin. Gáàsì náà a máa gbóná ju ìwọ̀n 800 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n 100 péré ni omi fi ń hó. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òun ni ó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ó ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé mọ́ ojú oorun nílẹ̀ wa. A ta Delta Steel fún oníṣòwò aládàáni ní 2005, ṣùgbọ́n irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kò tíì tán láàárín wa. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Indorama ní Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ní láti ṣe irú àdàlù kan náà kí ó tó rí ammonia.

Kí ni ó yẹ kí a wò bí a bá ń yan fáàfù tí yóò dá irú gáàsì yìí dúró? Èkíní ni ibi tí ó ti ń dí. Rọ́bà àti ike a máa dí omi pinpin, ṣùgbọ́n wọn kò lè dúró níwájú ooru yìí. Irin ni ó gbọ́dọ̀ jókòó lórí irin. Èkejì ni irú irin tí a lò, nítorí pé carbon monoxide gbígbóná a máa jẹ àwọn irin kan títí wọn yóò fi di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ̀kẹta ni ìdí ọ̀pá tí a fi ń yí i, níbi tí gáàsì olóró lè máa yọ́ jáde.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: irin tí ó jókòó lórí irin kì í sábà dí pátápátá. Nítorí náà, bí ènìyàn yóò bá tú páìpù tàbí wọ inú iléru, fáàfù kan kò tó. Méjì ni a ń tì, a ó sì ṣí ihò kékeré sáàárín wọn tí yóò gbé èyí tí ó bá jò lọ sí ibi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni a ó fi àwo irin tí kò ní ihò dí ẹnu páìpù.

Ní òru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, 1984, nǹkan bí 40 tọ́ọ̀nù gáàsì olóró tú jáde ní ilé iṣẹ́ oògùn kòkòrò Union Carbide ní Bhopal, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi omi fọ páìpù ní alẹ́ náà láìfi àwo irin dí i. Fáàfù nìkan ni wọ́n gbọ́kàn lé. Omi dé inú àgbá gáàsì, ó sì hó. Àwọn kan ní inú fáàfù tí ń jò ni omi gbà. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ da omi sí i. Èyí ó wù kí ó jẹ́, owó àwo irin kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí tí ó bọ́.

Nílẹ̀ wa, bí agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta bá mú iye owó wá, ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ni a sábà máa ń gbé iṣẹ́ fún. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ló pa á. Ó yẹ kí ìwé ìrajà béèrè ohun kan ṣáájú iye owó: ta ni yóò dúró lẹ́yìn fáàfù yìí nígbà tí a bá tì í?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń jó irin, tí ẹ ń so páìpù ní Warri, ní Eleme àti níbi gbogbo, ẹ má ṣe tú nọ́ọ̀tì kan nítorí pé ẹnìkan ní òun ti ti fáàfù. Kí ojú yín rí àwo irin náà, kí a sì fi ẹ̀rọ yẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wò. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.