Eré Ni Tàbí Ère?

Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi fídíò kan hàn mí. Àgbàlagbà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ẹ̀rọ rédíò mú, ó ń fi darí àwòṣe bàálù ajubọ́ǹbù Halifax lójú òfurufú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ wò ó, sà, bàbá ń ṣeré ọmọdé.”

Èmi kò gbà pé eré ni. Àmì ohùn ni ó ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára ère. Ère ni mo sì pe ohun tí mo rí.

Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Apá Halifax gidi, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ju mítà 30 lọ. Bí a bá ṣe àwòṣe rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, apá náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4. Bí gígùn àwòṣe bá di ìlọ́po méjì, fífẹ̀ apá rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fá igi rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ sì lè já lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Ère ta ni, wàyí? Nínú ogun ọdún 1939 sí 1945, Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà, bá wọn fò nínú Halifax kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ bàálù náà ní “Achtung! The Black Prince” láti fi yẹ́ ẹ sí. Ènìyàn 55,573 ni ó kú nínú ẹ̀ka ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Hamburg nìkan, ìkọlù tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1943 pa ènìyàn tó lé ní 30,000.

Àwọn bàbá wa mọ ìdí tí a fi ń gbẹ́ ère ìbejì: kí a má baà gbàgbé ẹni tó lọ. Ẹni tó gbẹ́ ajubọ́ǹbù, tí kò rántí àwọn tó wà nínú rẹ̀ àti àwọn tí bọ́ǹbù rẹ̀ bọ́ lù, eré lásán ni ó ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ mi jàre rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wá kan Halifax lọ́jọ́ kan, kí ó kọ orúkọ Shenbanjo sí i lára, kí ó sì fi Yorùbá sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọdé tó bá béèrè. Níbẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà.

Kí ni ẹ̀yin rò? Ire o.