Ilé Náà Ni Yóò Kọ́kọ́ Jẹun

Ní Ìkòròdù, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Akóbọ̀ n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì: òun yóò ra ilé kan, òun yóò fi ayálégbé sí i, òun yóò sì máa jókòó gba owó lọ́dọọdún. Ẹni tó wà ní Peckham tàbí Houston náà ń sọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ibi tí àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ni ilé àyágbé, bí oko ṣe jẹ́ iṣẹ́, bí ṣọ́ọ̀bù ṣe jẹ́ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá ráyè ṣe é, tí kò sì ní owó tí yóò fi gba ẹni tí yóò bá a ṣe é, kó fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

Ká ní ilé fúláàtì mẹ́rin kan wà tí wọ́n ń tà ní ₦60 mílíọ̀nù, tí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń mú ₦800,000 wọlé lọ́dún. ₦3.2 mílíọ̀nù nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pa ìwé ìṣirò dé. Ṣùgbọ́n bí fúláàtì kan bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, ₦200,000 ti lọ. Ejẹ́ǹtì tó ń bójú tó ilé yóò yọ ìdámẹ́wàá, ₦320,000. Ayálégbé kan yóò san ìdajì, yóò ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ sí i. ₦400,000 ṣì wà lóde nìyẹn. Ohun tó wọlé kò tó ₦2.3 mílíọ̀nù mọ́, a kò sì tíì kan páànù tí atẹ́gùn ká, a kò tíì kan owó tí ìjọba ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀. Bí gbogbo ọdún bá rí báyìí, ó lé ní ọdún 26 kí owó tí wọ́n fi ra ilé tó padà. Lóòótọ́, owó ilé ń lọ sókè. Sìmẹ́ǹtì náà ń lọ sókè, owó iṣẹ́ birikilà náà sì ń lọ sókè.

Kí ọ̀rọ̀ owó ilé tó délẹ̀ rárá, ilé fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń sọ. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilé ló dára. Oṣù Òkúdù ni kí ẹni tó fẹ́ ra ilé lọ wò ó, láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò fi gbogbo òru rọ̀. Kó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri: bí omi bá ń fà á láti ilẹ̀, ọ̀dà tuntun tí wọ́n sáré kùn ún yóò ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Kó wo ẹ̀yìnkùlé. Bí omi dúdú bá dúró yí ọmọrí sókàwéè ká, a jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí yóò máa wá ṣáá ni, owó onílé ni yóò sì máa gbé e wá. Lẹ́yìn náà, kó dúró de ẹni tó ń sá aṣọ sórí okùn, kó bi í nígbà tí ejẹ́ǹtì kò sí nítòsí pé, "Bọ̀dá, ṣé mítà tiyín ni ẹ ń lò, àbí ẹ jọ ń lo ẹyọ kan ni?" Ilé tí ènìyàn mẹ́rin ti ń pín mítà kan, tí ẹni tó ní fíríìjì méjì àti ẹni tí kò ní ju gílóòbù mẹ́ta lọ ń dá iye kan náà, ìjà ni wọ́n ń jẹ mọ́ oúnjẹ alẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló le jù. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri káàkiri ìgboro Èkó pé ilé yìí kì í ṣe títà. Bàbá kú, ó fi ọmọ méje sílẹ̀, ẹyọ kan nínú wọn fọwọ́ síwèé, ó gba owó, ó lọ. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, bí ọmọ ẹbí kan bá ta dúkìá ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò wáyé rárá. Bí olórí ẹbí sì dá a tà láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n yí i padà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀tọ́ tó ní lórí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà. Síbẹ̀, rìsíìtì ẹbí ni ọ̀pọ̀ ń ká sínú àpótí, tí wọ́n sì ń fọkàn balẹ̀ sùn. Owó tí lọ́yà àti awọnlẹ̀ yóò gbà láti lọ yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ìjọba Èkó ní Alausa kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦60 mílíọ̀nù tó bá bọ́ sómi.

Ayálégbé ni onílé púpọ̀ máa ń dẹ́bi fún, wọ́n sì máa ń fojú fo ohun tí àwọn fúnra wọn kò ṣe. Òfin Ilé Àyágbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, tí kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, kò fi àyè sílẹ̀ fún gbígba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì ní kí onílé fún un ní rìsíìtì. Ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kó tó kó jáde, àyàfi tí àdéhùn wọn bá sọ iye mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù. Kò sí ibi tí òfin ti ní kí onílé lọ ṣí páànù lórí ènìyàn. Nítorí náà, onílé tó bá ayálégbé kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta ti tó, ó ti gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ wàhálà. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba owó, oṣù mẹ́fà ló máa kà.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ra ilé ṣe kò nira láti sọ: kí ìdámẹ́rin owó ilé máa lọ sínú àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn, yálà ọmọ ń lọ sí yunifásítì ni o, yálà wọ́n ń ṣe òkú àgbà ni o. Ilé ló ni owó yẹn. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń dé kóòtù, nǹkan tó bàjẹ́ tí wọn kò tún ṣe ló bí i: omi kò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ayálégbé di owó ilé mú, onílé gba lọ́yà. Níbi tí owó àtúnṣe bá ti wà nílẹ̀, pọ́ǹpù tó jó láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yóò ti máa fa omi padà kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́. Ayálégbé tí wọ́n ṣe irú èyí fún ni yóò pe onílé nígbà tí òrùlé ṣì ń jò lójú ihò ìṣó kan péré.