Ẹ bi ìyá àgbà bóyá ó fẹ́ kúnlẹ̀

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo bá wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí orúnkún ò tíì dùn rí ló ń rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni.

2/ Ìyá tó bí màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó pẹ́ tí orúnkún ọ̀tún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àgúnmu, róòbù, abẹ́rẹ́, kò sí èyí tí a ò dán wò. Nígbà tó yá, dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi orúnkún àtọwọ́dá rọ́pò tirẹ̀. Àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n ta ilẹ̀ kan, wọ́n sì ṣe é.

3/ Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Mi ò wá ba ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìrora tó ń jí i lóru lọ. Ó ń rìn dé ọjà láì di ògiri mú. Dókítà gbé àwòrán X-ray sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, ó gún régé." Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

4/ Lọ́jọ́ kan mo wọlé, mo bá a lórí àga, ó ń kírun. Omijé ń dà lójú ẹ̀. Mo ní, "Màmá àgbà, ṣé ó tún ń dùn yín ni?" Ó ní, "Rárá. Nígbà tó ń dùn mí, mò ń fi ìrora kúnlẹ̀, mò ń forí kanlẹ̀. Nísinsìnyí tí kò dùn mọ́, kò ká mọ́."

5/ Ẹ̀sìn gbà pé kí aláìlera kírun lórí ìjókòó. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ààfáà náà sọ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ń ṣe láti kékeré ni, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Fún òun, ibẹ̀ gan-an ni ayé wà.

6/ Ohun tó dùn mí jù nìyí: ìkúnlẹ̀ máa ń nira fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bá pààrọ̀ orúnkún wọn. Kì í ṣe àṣírí láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ṣáájú. Wọn ò sì kórìíra wa o. Kò kàn sẹ́ni tó bi í pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ máa fi orúnkún yìí ṣe?"

7/ Kí n má purọ́, wọ́n bi í ní ìbéèrè. Físíò mú fọ́ọ̀mù kan wá. "Màmá, ṣé ẹ lè wọ ìbọ̀sẹ̀ fúnra yín?" Ìyá àgbà wò ó títí. "Ìbọ̀sẹ̀ kẹ̀? Ṣé sọ́jà ni mí ni?" Ó tún bi í bóyá ó lè wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀ kó sì jáde. Nílé wa, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kóńgò la fi ń wẹ̀.

8/ Mo lọ wádìí fọ́ọ̀mù náà. WOMAC lorúkọ ẹ̀, Kánádà ni wọ́n ti ṣe é. Ìbéèrè 24 ló ní: 5 lórí ìrora, 2 lórí oríkèé tó ń le gan-in, 17 lórí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìbọ̀sẹ̀ wíwọ̀ ní ìbéèrè tiẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ bíbọ́ ní tiẹ̀. Mi ò bú wọn. Níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ẹni tí ò lè wọ ìbọ̀sẹ̀ wà nínú wàhálà. Ohun tó kan àwọn èèyàn wọn ni wọ́n béèrè.

9/ Ní England, láti ọdún 2009 ni NHS ti ń fún àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ orúnkún tàbí ìbàdí ní fọ́ọ̀mù ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n á tún fún wọn lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Oxford Knee Score, ìbéèrè 12. Ẹ gbọ́ ọ̀kan: ṣé ẹ lè kúnlẹ̀ kí ẹ sì tún dìde? Àwọn tí kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni rántí béèrè. Àwa tí à ń kúnlẹ̀ kí àgbà láàárọ̀ àti lálẹ́, a ò béèrè.

10/ Egungun ni X-ray ń rí, kì í rí ayé tí èèyàn ń gbé. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ti dáhùn irú ìbéèrè yìí, dókítà á lè sọ fún ẹni tó kàn pé: èyí á padà bọ̀ sípò, èyí lè má padà. Láìsí i, àfọwọ́fà la fi ń yan nǹkan.

11/ Mo ti gbọ́ ẹni tó máa sọ pé, "A ò tíì rí owó oògùn, ìwọ ń sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù." Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n nítorí pé àpò ara wa la ti ń sanwó ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó ta ilẹ̀ kó tó lè tọ́jú ìyá ẹ̀ yẹ kó mọ ohun tó ń rà.

12/ Ẹlòmíì á ní nọ́ńbà ò lè wọn ayé ẹ̀dá. Òun náà ò jẹ̀bi. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní QALY: ọdún kan nínú ìlera pípé jẹ́ 1, ikú jẹ́ 0, ọdún tí àìsàn wà nínú ẹ̀ sábà máa ń bọ́ sáàárín. Wọ́n ń lò ó ní Britain láti mọ̀ bóyá oògùn tó iye tí wọ́n ń tà á. Àwọn abirùn kan ní, "Ta ló ní ayé tèmi ò pé?" Wọ́n sọ òótọ́. Mi ò ní kí nọ́ńbà máa pinnu ẹni tí a ó tọ́jú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n BÉÈRÈ.

13/ Àwa náà ní wàhálà tiwa: "a dúpẹ́." Bi àgbà Yorùbá pé báwo lara, kódà kó má sùn lóru àná, "a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" ni. Ní kó fi nọ́ńbà láti 0 dé 100 díwọ̀n ìlera ẹ̀, á ní 100, nítorí kó má baà dà bí abara-móore-jẹ. Nítorí náà, nǹkan gidi ni kẹ́ ẹ béèrè. "Ìgbà wo lẹ lóṣòó fọ abọ́ kẹ́yìn?" "Ta ló ń bá yín gbé omi báyìí?"

14/ Kì í sì í ṣe pé àwọn tiwa ò ṣe nǹkan kan. Àwọn onímọ̀ físíò ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe IKHOAM fún orúnkún àti ìbàdí àwọn ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá. Níbẹ̀ náà ni Mayowa Owolabi ti ṣe HRQOLISP fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kún ti ara. Irinṣẹ́ wà. Ó yẹ kó dé ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú ìyá ẹ àti ìyá mi.

15/ Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ìbéèrè kan náà ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn ẹ̀, lédè Yorùbá, láti ẹnu ẹni tí kì í ṣe dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ta ló fẹ́ sọ lójú dókítà pé iṣẹ́ ẹ̀ ò tẹ́ òun lọ́rùn?

16/ Ìwọ tó ń kà á, má dúró de ìjọba. Tó o bá ń mú òbí ẹ lọ, bi wọ́n nílé pé, "Kí ni nǹkan mẹ́ta tẹ́ ẹ fẹ́ tún lè máa ṣe?" Kọ ọ́ sínú ìwé. Gbé e síwájú dókítà. Bi í pé, "Èwo ló máa padà níbẹ̀, èwo ni kò ní padà?" Kẹ́ ẹ tó sanwó o.

17/ Mo bi Màmá àgbà lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, ká ní wọ́n ti sọ fún un, ṣé á ṣì ṣe é? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Màá ṣe é. Ìrora yẹn pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ǹ bá forí kanlẹ̀, ǹ bá sì pẹ́ níbẹ̀."