Eku Tí Ó Sùn Kò Lè Jẹ́rìí Èyí Tí Ó Jí

Ta ni yóò ra adìẹ tí ó sùn lọ fọnfọn ní New Market, ní ìlú Enugu? Oníbàárà yóò jẹ́ kí ó dìde, kí ó rìn, kí ó tó sanwó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn ń fi oògùn kun eku lóorun kí wọ́n tó ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Ààbọ̀ òtítọ́ ni wọ́n ń rí! Oògùn oorun a máa yí iṣẹ́ ọpọlọ padà. Bí wọ́n bá sì dè é mọ́lẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ ni wọn yóò yà.

Àwáwí wọn ni pé ìrìn eku a máa ba àwòrán jẹ́. Àwáwí yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ní Brookhaven, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ẹ̀rọ RatCAP tí eku ń dé sórí bí fìlà; ibi tí orí bá lọ, ẹ̀rọ a bá a lọ. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Àwọn ti Jefferson àti Oak Ridge lẹ àmì mọ́ orí eku: kámẹ́rà ń ṣọ́ àmì náà, kọ̀ǹpútà sì ń fi ìṣírò tún àwòrán ṣe.

Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé aláìsàn tí yóò lo oògùn náà ń sùn tọ̀sán-tòru ni? Ohun tí oníbàárà adìẹ mọ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún ọ̀mọ̀wé.